Iṣẹ́ Tí Mo Ń Ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá mi àtàtà,

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti dé sí yàrá yín ní Pópó Àgùdà, ara mi kò sì lélẹ̀. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Mo mọ̀ pé ẹ ti dolóògbé, síbẹ̀ mo ṣì ń wo orí tábìlì bóyá màá rí pẹ́ńsù yín, èyí tí ẹ máa ń fi há etí, tí ẹ óò sì máa wá kiri ilé.

Mo parọ́ fún yín. Mo ní ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú nínú ilé wọn, Bàbá. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fọ ìgbẹ́ wọn. Ní ilé ìyá arúgbó kan nínú wọn, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé. Ẹ̀yin káfíńtà tí ẹ ti Iléṣà wá, tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ilẹ̀kùn iwájú fún àwọn olówó Èkó, síbẹ̀ tí wọ́n ń ní kí ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, báwo ni ǹ bá ṣe sọ ọ́ fún yín? Ẹ ti fi mí yangàn títí dé Ẹnu Ọ̀wá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, wọ́n ní kí ìyá àgbàlagbà kan dìde fún mi nítorí pé òkè òkun ni mo ti dé. Ó sì dìde, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. N kò lè kọrin mọ́.

Dàpọ̀ àbúrò mi wá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fi sílẹ̀ fún un ní òpópónà Adéníji Adélé pa, kó lè wá bá mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́sàn-án òní, mo lọ bá a níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín ló fi mí rín.

"Àǹtí mi, ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ yín. Ṣé ẹni tó ń wẹ arúgbó ló ń wọ irú èyí?"

"Dàpọ̀, wọ́n ń jágbe mọ́ mi níbẹ̀."

"Àwọn oníbàárà náà ń jágbe mọ́ mi níbí. Ẹ̀yin ti wọlé tán, ẹ wá fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ wa."

Kí ni ẹ̀yin ìbá fi dá a lóhùn? Mo kàn bá a di igi bẹ́ẹ̀dì kan mú, ó ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, kò wojú mi, ó béèrè:

"Ìyá arúgbó tí ẹ ń wẹ̀ yẹn, ṣé ó mọ orúkọ yín?"

"Rárá. Méérì ló ń pè mí."

Ó dá ayùn dúró. Kò tíì sọ pé òun kò lọ mọ́, Bàbá. Ó ní òun á kọ́kọ́ parí bẹ́ẹ̀dì náà.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ fúnra yín sọ lórúkọ.