Ìsìnkú Leo Ardagh ní Wirrabel

14, Òpópónà Banksia,
Wirrabel,
Australia.
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Karùn-ún, 1991.

Thelma, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ Ron ńkọ́, ṣé ó ti ń lè gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Òtútù ti mú níbí, àmọ́ ara mi le, àfi ìka ọwọ́ tí kò jẹ́ kí n kọ̀wé dáadáa mọ́.

O ó ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé Leo Ardagh, ọ̀gá wa àtijọ́, ti kú. Ohun tí wọn kò kọ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ọmọ ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn, tó di olùkọ́, tó di aṣòfin, tó sì fi ọdún mẹ́fà ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ wa. Ilé ìwé tó kọ́ kò lóǹkà. Àmọ́ ìwọ náà lo wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ní ká má ra fèrè ìkìlọ̀ iná fún àwọn ìlú inú igbó. O ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é." Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi jókòó, mo fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tó fi pa àṣẹ náà. Ẹyin lohùn, Thelma. Ìwé náà, ẹyin ni. Ó yẹ kí n bá ọ jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn gan-an ni iná jó Wirrabel, ènìyàn mọ́kànlá ló sì bá a lọ.

Àwọn agbani-nímọ̀ràn ní kó di ẹ̀bi ru ọ̀gá panápaná. Ó dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ má wá ẹlòmíràn." Ó fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò pé oṣù méjì tó fi kó wá síbí, tó ń bá ará ìlú ri òpó ọgbà tuntun dípò èyí tó jóná. Una Mackie, tí iná pa ọkọ rẹ̀, wò ó lójú, ó ní, "Olórí ìjọba, ẹ ò tètè dé. Iná ti jó tán."

Ó ní, "Òótọ́ ni, ìyáàfin. Ibo ni ká ri òpó yìí sí?"

Ọdún mẹ́rìnlá ló lò níbí. Nílé ọtí, àwọn kan a máa gbé ife wọn kúrò nítòsí rẹ̀. Kò torí ẹ̀ sá lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, èmi náà tẹ̀ lé e wá, ọkàn mi ò balẹ̀ níbòmíràn.

Ìjọba fẹ́ fi ẹ̀yẹ sin ín ní olú-ìlú, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Wirrabel lòun fẹ́, bí ará ìlú bá gbà. Wọ́n pèpàdé. Clive Keane, tí àbúrò rẹ̀ wà nínú àwọn mọ́kànlá, pariwo pé, "Ṣé ẹ̀gbẹ́ àwọn tó pa lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí?" Gbọ̀ngàn dàrú.

Una, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Clive, jókòó. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa dárí jì í. Ṣùgbọ́n ará ibí ni. Ará ibí kì í sùn síta."

Ìjẹta la sin ín. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìyìn. Una ló kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Gbogbo ìlú tò tẹ̀ lé e, àní Clive pàápàá.

Bá mi kí Ron àtàwọn ọmọ. Kí ẹ máa tọ́jú ara yín.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,
Nola Finch