Ọkọ̀ Tó Gbé Ìyá Dé Ìṣẹ̀: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ebenezer Bólúwadúró Ọlálérè, Riwáyà Ìkẹ́rẹ́ (1953–2024)

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ilé olóògbé, ní agboolé Ọlálérè, ní Ùrò. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1953. Ẹni tó bá mọ agboolé náà mọ̀ pé kò sí ibi tó tẹ́jú nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ àpáta ni àwọn baba ńlá wa kọ́ ọ sí, ilẹ̀ sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìdí ilé títí dé ẹnu ọ̀nà ìta. Bí ọmọdé bá da omi nù nílé wa, ojú títì ni yóò ti lọ bá a.

Bàbá tó bí wọn ni Olóògbé Josiah Ọlálérè, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Orun. Ìyá wọn ni Olóògbé Abigail Àdùnní, ọmọ Ìṣẹ̀-Èkìtì. Ọmọ méjì ló dàgbà lọ́wọ́ Ìyá Àdùnní: Bàbá Ládépọ̀ tó jẹ́ àkọ́bí, àti olóògbé tí a ń sin lónìí.

Ní ọdún 1962, Bàbá Josiah ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ òyìnbó oníṣòwò kan ní Ìbàdàn, tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ní 1955. Ó gùn, ó fẹ̀, ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń wá wò. Bí èrò bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, yóò dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà kúkúrú sórí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yóò máa kùn lábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé ìdí ara rẹ̀ sókè títí iwájú àti ẹ̀yìn yóò fi dọ́gba. Olóògbé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, wọ́n á máa wo ibi tí ìró náà ti ń wá.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì jáde ní 1966. Bàbá Josiah fẹ́ kí wọ́n di olùkọ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí bàbá fi gbà kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ riwáyà, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ní 1969, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Àkúrẹ́, wọ́n sì gba fúrídọ̀mù ní 1974. Ohun tí ọ̀gá náà fi kọ́ wọn ni pé kí riwáyà má ṣe gba wáyà gbọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀; kó tọ̀ ọ́ títí dé òpin. Olóògbé sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó gba ọwọ́ wọn kọjá. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ojú títì Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ̀.

Bàbá Josiah sùn nínú Olúwa ní 1978. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìdí ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀, tí kò sì gòkè mọ́. Wọ́n gbé e sí abẹ́ pánù lẹ́yìn ilé.

Ní ọdún 1981, olóògbé fẹ́ Àrìnpé, ọmọ Èmùré-Èkìtì, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta dá wọn lọ́lá, láti ìgbà tí àkọ́bí sì ti dé ni a ti ń pè wọ́n ní Bàbá Gbémi. Ìyàwó wọn kò lọ sí ilé ìwé ní kékeré. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní 1996, Bàbá Gbémi ló ń fi ọ̀kadà gbé e lọ, wọ́n á sì jókòó síta títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ìyàwó wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkọlé tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù títí dòní. Ayàwòrán kan wá, ó ní òun yóò tún un kọ kó lè gún. Bàbá Gbémi ní, “Ó ti gún lójú mi.”

Nínú ìjọ, àwọn ló ń mójú tó iná àti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogún ọdún ó lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ọ̀gá akọrin máa ń fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù níbi tó ti ń dún jù. Àwọn náà mọ̀, wọn kò sì bínú.

Bí a bá ní kí a sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ilẹ̀ yóò ṣú. Ẹ jẹ́ kí ìdílé sọ ọ̀kan fún yín.

Ní ìparí ọdún 2008, Ìyá Àdùnní ṣubú ní ẹnu ilé ìdáná, egungun ìbàdí wọn sì dá. Ó san, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ká mọ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí a gbé wọn dé Ìṣẹ̀ kí wọ́n lè rí àbúrò wọn, Ìyá Ọmọ́rìnsọ́lá, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Ìyá Ọmọ́rìnsọ́lá náà kò lè wá, torí ojú wọn ti fọ́.

Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ̀ kò jìnnà. Ọlọ́kadà á gbé èèyàn débẹ̀ kí àgbàdo orí iná tó jinná. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká, ó jìnnà ju Èkó lọ. A pe takisí. Ẹsẹ̀ Ìyá kò gba inú rẹ̀. A pe bọ́ọ̀sì. Kòtò àkọ́kọ́ tó kó sí, Ìyá ké, a sì yí padà. 

Nígbà náà ni Bàbá Gbémi lọ ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ bàbá wọn. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ gba kí àgbàlagbà na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú, torí Bàbá Ládépọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kò yéé tan án. Ìdí rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí a ki sípíríǹgì lọ́rì bọ̀ ọ́. Bàbá Gbémi ní, “Yóò gbé ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa gún Ìyá bí ẹni gún iyán.”

Ọkọ̀ náà kò ní sípíríǹgì bíi ti àwọn yòókù. Irin gígùn ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó ń lọ́ bí aṣọ tí èèyàn ń fún. Mọ́tò kékeré oníná ló ń lọ́ irin tó wà ní ìdí kó lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Súìsì kan ń mọ̀ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Òmíràn ń ní kó ṣe sùúrù díẹ̀, kó má baà máa bá gbogbo kòtò jà. Irin kò ṣẹ́, mọ́tò kò jóná. Wáyà àti súìsì ló kú. Eku jẹ òmíràn, ìpẹtà jẹ òmíràn. Bàbá Gbémi tú gbogbo rẹ̀, wọ́n na wáyà tuntun, wọ́n sì gé idẹ pẹlẹbẹ fi ṣe ojú súìsì.

Bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, wọ́n á kó àpò iṣu sínú búùtù, Bàbá Ládépọ̀ á jókòó sórí àga awakọ̀, á sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń gbọ́kàn lé bíréèkì ọwọ́ ní agboolé tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ báyẹn, torí ọkọ̀ oníbàárà kan ti yí lọ wó ògiri wa rí. Ìdí ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, gbogbo wa á tẹ́tí. Kò ní dún.

Èyí tó tún dà wọ́n láàmú ni pé bí wọ́n bá nìkan wà lábẹ́ ọkọ̀, gílóòbù tí wọ́n fi ń dán iná wò á tàn. Bí a bá ti pé jọ láti wò ó, kò ní tàn mọ́. Àwọn aládùúgbò ní ojú ń ti ọkọ̀ náà. Bàbá Ládépọ̀ ní, “Bólú, ọkọ̀ yìí ti bá Bàbá lọ. Jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.” Bàbá Gbémi kàn tún padà sábẹ́ rẹ̀. 

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ìpè dé láti Ìṣẹ̀ pé ara Ìyá Ọmọ́rìnsọ́lá kò yá. Wọ́n ní kí a sọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn pé àwọn kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ìyá Àdùnní pe Bàbá Gbémi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, “Ebenezer, bí kò bá ní ṣeé ṣe, sọ fún mi. N ó gbà.”  Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Gbémi wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá wọn, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ n tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tún kó iṣu sí búùtù, Bàbá Ládépọ̀ tún tẹ bíréèkì. Wọ́n dúró títí, kò dún. Ìyàwó Bàbá Gbémi ní iyán ti délẹ̀.

Bàbá Ládépọ̀ ní, “Ẹsẹ̀ mi ti kú. Mo ń lọ jẹun.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀. Yóò yí lọ.”

“Wá òkúta fi tì í. Òkúta kì í jẹ iyán.”

Bàbá Gbémi gbé òkúta, wọ́n fi há táyà, Bàbá Ládépọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń fọ̀ nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn wọn. Wọ́n yíjú padà. Ìdí ọkọ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo iṣu inú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Omi ń kán lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, wọn kò rántí nù ún.

Bàbá Gbémi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wáyà kan gba ìdí bíréèkì kọjá. Wọ́n ti rí i láti ọjọ́ kìíní, wọ́n sì rò pé ti iná ẹ̀yìn nìkan ni. Èyí nìkan ni wọn kò tọ̀ dé òpin. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé bí a bá tẹ bíréèkì, iwájú á tẹ̀, ìdí á gòkè, mọ́tò á sì rò pé ẹrù ti kúrò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣètò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì, kí mọ́tò náà dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù kò fi ń tàn bí a bá pé jọ: ẹsẹ̀ ti wà lórí bíréèkì nígbà náà.

Bàbá Ládépọ̀ ní, “Ṣé èmi ni mo ti ń dá a dúró láti ọjọ́ yìí?”

“A jọ dá a dúró ni. Èmi ni mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Ìyá Àdùnní gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, “Láti kékeré ni ẹsẹ̀ Ládépọ̀ ti wúwo. Ẹ jẹ iyán yín kíá, kí ẹ gbé mi lọ.”

Ọjọ́ náà gan-an ni a lọ. Bàbá Ládépọ̀ wa ọkọ̀, Ìyá na ẹsẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, Bàbá Gbémi sì gbé ẹsẹ̀ náà lé itan wọn. Nígbà tí a dé kòtò tó mú Ìyá ké lọ́jọ́sí, ọkọ̀ rọra fì, ó sì kọjá. Ìyá bèèrè pé ìgbà wo ni a máa dé ibi kòtò náà. Ní Ìṣẹ̀, wọ́n ti gbé Ìyá Ọmọ́rìnsọ́lá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ pa ojú ẹ̀gbọ́n wọn káàkiri, wọ́n ní, “Ẹ ti rù o.” Ìyá Àdùnní ní, “Ìwọ ńkọ́? O ò rí ara rẹ ni.” Nígbà tí a fẹ́ padà, Ìyá Àdùnní kọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ máa lọ ulé. Mo ti dé ulé tèmi.” Àwọn méjèèjì jọ gbé yàrá kan fún ọdún méjì kí Olúwa tó pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n ṣáájú, àbúrò tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà ni Bàbá Gbémi ti ń fi ọkọ̀ náà gbé àwọn arúgbó tí takisí nira fún, láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìlawẹ̀, Èmùré, Orun àti Ìṣẹ̀. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn náà ló jẹ́ alága ẹgbẹ́ riwáyà Ìkẹ́rẹ́ láti 2012 sí 2018, wọ́n sì parí ìjà púpọ̀ níbẹ̀, torí wọn kì í tètè fèsì.

Àìsàn ráńpẹ́ dé sí wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Wọ́n sùn ní àlàáfíà ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni ìyàwó wọn, Àrìnpé. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ládépọ̀. Àwọn ọmọ wọn, Gbémi tó ń ṣiṣẹ́ riwáyà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Gideon tó wà ní Èkó, àti Peace tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìlawẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Marvellous, Olúwaṣọlá, Blessing àti Fẹ́mi. Àti ọ̀pọ̀ ẹbí àti ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi wá bóyá ọkọ̀ náà ni yóò gbé pósí wọn lónìí. Rárá. Àwọn fúnra wọn ló kọ̀ ọ́ nígbà tí ara wọn ṣì le díẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ fi òmíràn gbé mi. Ẹni tó bá ṣì lè sọ pé ibi báyìí ń dùn mí ni kí ẹ máa fi èyí gbé.” Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ̀ náà yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbà yòówù tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí ń dùn, kó sọ fún Gbémi. Gbémi ni yóò wà á, yóò sì gbé yín dé ẹnu ọ̀nà yín.

Bàbá Gbémi, ọmọ Josiah, ọmọ Àdùnní, ọkọ Àrìnpé, ẹ ti ṣe ìwọ̀n tí Olúwa fún yín ṣe. Kí Ó gbà yín sọ́dọ̀, kí Ó sì dúró ti àwa tó kù. Ẹ sùn re, ẹ sinmi re o.