Ìyá Rónkẹ́ Wá Kó Àjọ Nílé Ìwòsàn

Màmá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé sí yín. Ara mi le. Igi ọsàn yín ti so, àwọn ọmọ àdúgbò ò sì jẹ́ kó pọ́n, bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n.

Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan lójú ọ̀nà Sẹkọna, ní Ẹdẹ níbí. Èmi ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ètò adójútòfò ìlera ti wọ ibẹ̀. Téèyàn bá ti san ti ọdún kan, ìjọba á máa fi owó ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù lórí orúkọ rẹ̀, ì báà ṣàìsàn, ì báà má ṣe é. Owó yẹn la fi ń ra oògùn fún ẹni tí àìsàn bá kàn. Tẹ́lẹ̀, ńṣe làwọn ìyá ń pọn ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sí ìgboro, torí a ò ní oògùn. A ti ní in báyìí.

Ṣé ẹ rántí Ìyá Rónkẹ́, ọ̀rẹ́ yín nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, àwọn tí orí kì í fọ́? Ọdún ń parí lọ, wọ́n gbé àpò òfìfo wá bá mi, wọ́n sì kó àwọn obìnrin yòókù sẹ́yìn. Wọ́n wá kó àjọ ni, Màmá! Lójú tiwọn, ẹni tó dáwó tí kò sì ṣàìsàn, ó yẹ kó di oògùn tirẹ̀ relé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ẹ̀rù náà bà mí. Ará Ẹdẹ wo ló máa dá àjọ tí kò ní kó o? Bí wọ́n bá bínú yọ orúkọ wọn, owó wa á já, oògùn á tán. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ sì wà nínú oyún, ọ̀dọ̀ wa ló ti fẹ́ bí i.

Mo ṣàlàyé títí, kò wọ̀ wọ́n létí. Ìgbà náà lẹ wá sí mi lọ́kàn, bẹ́ ẹ ṣe máa ń di owó ẹgbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n ń kó jọ de ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́. Bí kò tiẹ̀ sí owó ọbẹ̀ nílé, ẹ ò ní jẹ́ kó yẹ̀. Mo wá bi Ìyá Rónkẹ́ bóyá wọ́n ti kó tiwọn nínú ìyẹn.

Wọ́n fọwọ́ yí orí ká, wọ́n tàka dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Ọlọ́run ò ní jẹ́ n tètè kó o o! Ìwọ ọmọ yìí, ìyá ẹ lo jọ.”

Wọ́n ká àpò sí abíyá, wọ́n san ti ọdún tuntun, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn yòókù fi san tiwọn. Rónkẹ́ ti bímọ. Ọkùnrin ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán lọ́jọ́ náà, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún díẹ̀. Èmi ni mo na ọwọ́ gba owó ìsìnkú tiyín, Màmá. Ẹgbẹ́ wọṣọ funfun wá, wọ́n kà á sí mi lọ́wọ́, kò dín kọ́bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí ì bá wù mí? Kí gbogbo owó tí ẹ dá ṣègbé sí wọn lọ́wọ́, kí ẹ ṣì máa kùn ní gbogbo Sátidé pé ẹ ò tíì rí i kó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń wá ojú yín láàárín ẹgbẹ́.