Igi Kan Ṣoṣo Tó Kù ní Iyansan

Èmi, Lucas Àkànmú Àjíṣafẹ́, ọmọ bíbí Ìlútítun ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ni mo ń pín ohun ìní mi nínú ìwé yìí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú, dókítà sì ti sọ èyí tó máa sọ. Ṣùgbọ́n orí mi pé. Kò sẹ́ni tó tì mí, kò sẹ́ni tó fún mi lọ́tí mu. Ẹni tó bá ní arúgbó ń ṣarán, ẹ bá mi sọ fún un pé kó lọ jókòó.

Ọmọbìnrin mi Olúfúnmilọ́lá àti Jésùtómi, akọ̀wé ìjọ Aládùúrà wa, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Mo mọ̀ pé Prosper, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, yóò bínú pé n kò yan òun. Kó kà á dópin ná.

1. Ilé mi ní Ìlútítun, yàrá márùn-ún pẹ̀lú ilé ìdáná, di ti Prosper. Yàrá tí ìyá rẹ̀ Olúwaṣọlá kú sí ni kí Olúfúnmilọ́lá máa sùn nígbàkígbà tó bá wálé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó àpò gààrí sínú rẹ̀. Olúwaṣọlá sàn jù mí lọ. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, ó sì ń dùn mí.

2. Ewúrẹ́ mẹ́rin di ti Olúfúnmilọ́lá. Ẹ má pa olójú kan yẹn níbi ìsìnkú mi. Ó ti gbó, ẹran rẹ̀ yóò dójú tì yín.

3. Àdá mi méjì àti irin tí mo fi ń bó èèpo igi, ẹ gbé wọn fún alágbẹ̀dẹ kó fi wọ́n rọ ọkọ́. Prosper kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Igi tí à ń pè ní dókítà igbó, èèpo rẹ̀ ni bàbá mi fi ń wo ibà. Á dúró níwájú igi, á kí i, á dárúkọ aláìsàn fún un, á wá bó èèpo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan péré, ní ìhà tí oòrùn ti ń yọ. Á fi ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ náà, kò sì ní padà síbẹ̀ títí ọgbẹ́ á fi san. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Philemon.

Nígbà tí mo wọ ìjọ, mo ní ìbọ̀rìṣà ni kíkí igi. Mo da ìkíni nù, mo sì da ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ nù pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wòlíì kò rán mi. Èmi ni mo rán ara mi, nítorí oníbàárà kan ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀ láti ìlú ńlá, àpò àpò èèpo ló ń fẹ́, àpò kò sì lórúkọ tí èèyàn lè dá fún igi. Mo bó àwọn igi náà yí ká, láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ mi tó. Igi tí a bá bó yí ká, kíkú ló máa kú. Mo mọ̀. Nígbà tí ti oko wa tán, a wọ igbó ọba láìgbàṣẹ, a ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní rìbá. Prosper ni mo mú dání. Olúwaṣọlá bi mí lọ́jọ́ kan pé àìsàn ta ni èyí tó ń gba odidi ọkọ̀ akẹ́rù. Mo pariwo mọ́ ọn. Lónìí, láti Ìlútítun dé Òde-Ìrèlè, igi kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó kù.

Philemon ní kí n dáwọ́ dúró. Mo dìde lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, níwájú gbogbo ìjọ, mo pè é ní abọ̀rìṣà. Irọ́ ni mo pa. Bíbélì rẹ̀ ló mú dání jáde, ó sì lọ ń gbé ní Iyansan. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé, kò kí mi, n kò kí i.

4. Ilẹ̀ oko mi ní Iyansan di ti Prosper. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Dókítà igbó kan ṣoṣo tó kù lẹ́bàá odò níbẹ̀, Philemon ni mo fún. Òun ló ti ń ṣọ́ ọ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ń tì mí.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìlútítun, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àfikún, ọjọ́ kejìlá oṣù kan náà

5. Mo yí ẹsẹ kẹrin padà. Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jésùtómi fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí Iyansan kí n lè fi ẹnu ara mi bẹ Philemon. Ìdí igi la ti bá a. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ń fọwọ́ wá èèpo lára igi náà, kò sí èèpo. Wọ́n ti bó o yí ká, ìlà mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí mo ṣe kọ́ Prosper gẹ́lẹ́. Mo bi Prosper. Kò jiyàn. Ó ní oníbàárà yẹn ló tún dé. Ta ni n ó wá bá wí?

Mo fẹ́ gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Philemon ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní igi tí a bó kì í kú lọ́jọ́ kan, pé ó lè so lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbẹ.

Nítorí náà, èso tí igi náà bá so kẹ́yìn, ti Philemon ni. Prosper ni kó jókòó sídìí rẹ̀, kó ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹyẹ tó jẹ ẹ́, kó sì gbìn ín níbi tí Philemon bá nawọ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi yóò wà lọ́wọ́ Olúfúnmilọ́lá títí ọmọ igi méje yóò fi ga dé orúnkún Prosper. Bí igi náà kò bá so, kí ilé náà wà ní títì.

Bó bá ń gbìn wọ́n, kó kí wọn, kó sì dárúkọ mi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìjọ bá bínú, ẹ ní èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni aláìsàn náà.

Lucas Àkànmú Àjíṣafẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.
Ìlútítun, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀:
Ìdáraolúwa Olúmidé, olùkọ́, Ìlútítun.
Vivian Aníwúrà, nọ́ọ̀sì, Òde-Ìrèlè.