Àgbọ̀nrín Tó Gbàgbé Fóònù Ẹ̀ Sétí Odò

Irọ́ ni Wáyà ń pa, ọmọ mi, irọ́ gbuu. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ fóònù tí mo bá rí i? Èmi tí mo ti lo fóònù oníbọ́tìnnì, mo ti lo èyí tí wọ́n ń fi ìka ra lójú, mo ti lo èyí tó já sódò, tí mo sá a sóòrùn, tó sì tún dìde sọ̀rọ̀. Òun tó pe ara ẹ̀ ní atúnfóònùṣe, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kún fún fóònù tí àwọn tó ni wọ́n ti sọ̀rètí nù, òun ló wá ń rìn kiri ìlú pé èmi bàbá ẹ pa ẹran ìjọba. Tó bá pè ọ́, má gbé e. Tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, pa á rẹ́. Tẹnu mi ni kó o gbọ́, torí pé tèmi ni òótọ́, tèmi náà ló sì dùn jù.

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé yín? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, wàá jáde wàá wọlé, ọ̀gá ẹ ò ní gbé ìjà ilé ẹ̀ wá sórí tábìlì ẹ. Màmá mi kí ọ, wọ́n ní ara àwọn le, wọ́n sì ń gbàdúrà fún ẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi júwe ẹ̀ fún mi, torí pé wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Màá sọ ohun tó fà á.

Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mò ń yáni ní àga àti jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí. Àwọn tó ń tọ́jú ẹranko inú igbó òdìkejì odò ti ń wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, wọ́n wá ẹni tó lágbára, wọ́n rí mi. Àga tèmi ni, iná tèmi ni, èmi náà ni mò ń gun máṣíìnì káàkiri pẹ̀lú gbohùngbohùn láti pe èèyàn. Wọ́n ní kí n kàn sọ pé ìpàdé wà lórí ẹranko igbó. Ta ló máa wá síyẹn? Mo fi tèmi kún un, mo ní ẹran ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn, kí gbogbo ilé wá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì wọn gbé abọ́ dání.

Obìnrin tó ń bá wa sọ̀rọ̀, Mádàámù Ẹyẹ ni a ń pè wọ́n, torí pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ kan wà tó máa ń ti òkè òkun fò wá sínú àbàtà wa lọ́dọọdún, àwọn sì ti fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀. Mo nawọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní nọ́ńbà? Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, Mádàámù náà rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gba tèmi.

Ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín ló wá di wàhálà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ju àwòrán ẹ̀ sára ògiri, abo ni, oyún wà nínú ẹ̀, ó sì wọ bẹ́líìtì kan sọ́rùn tó ní àpótí dúdú kékeré lára, iná aláwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú lójú àpótí náà. Mádàámù ní bẹ́líìtì yẹn ló fi ń sọ ibi tó bá wà fún àwọn, lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn náà máa ń dá a lóhùn. Wọ́n ní rárá o. Ó dùn mí fún ẹran yẹn. Èèyàn á máa pè yín látàárọ̀, ẹ ò ní gbé e.

Wọ́n ṣì ń ṣàlàyé bẹ́líìtì náà lọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mo bá jáde lọ bu epo sí i. Ìgbà tí mo padà, wọ́n ti dórí iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹ̀ṣọ́ igbó kan láàárín wa, ẹni tí ará ìlú máa gbọ́ sí lẹ́nu. Aṣọ ìjọba wà níbẹ̀, bàtà ńlá wà níbẹ̀, fìlà wà níbẹ̀. Mo nàró. Wáyà náà nàró, ó ní òun mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Mo ní ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ ṣọ́ ni àbí igbó? Mádàámù ní kí àwa méjèèjì jókòó, pé àwọn máa wo ìwà wa ná.

Ọmọ mi, eré ni mo máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn, mo fẹ́ ẹ. Ìgbà tí mo bí ọ, irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi, títí dòní tí a bá jọ rìn, àwọn èèyàn ń bi ẹ́ bóyá ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí. Tí wọ́n bá sì bi ẹ́ pé kí ni bàbá ẹ ń ṣe, o máa ń wolẹ̀, o máa ń ní gbogbo nǹkan ló ń ṣe. Mo ti rí ẹ tó o wolẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó o lè sọ pé ẹ̀ṣọ́ igbó ni, kó o má sì wolẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo lọ fọ máṣíìnì mi létí odò, ni mo bá rí bẹ́líìtì náà nínú ẹrẹ̀, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹran náà wá mu omi, ó yọ fóònù ẹ̀ sílẹ̀ kó má baà já sínú odò, ó wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ìwọ náà ti gbàgbé tìẹ rí nínú ọkọ̀, kì í ṣe ohun ìtìjú. Mo fẹ́ gbé e lọ fún Mádàámù o, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rò. Àmọ́ orí mi ṣiṣẹ́. Mo ní ẹran yìí, ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá pátápátá ló ń pè sí. Ìgbà wo ni mo tún fẹ́ rí ọ̀nà bá ọ̀gá pátápátá sọ̀rọ̀ láìgba ọwọ́ ẹnì kankan?

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, màá gbé e súnmọ́ ẹnu, màá ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá, kì í ṣe àgbọ̀nrín ló ń sọ̀rọ̀ yìí o, èmi ni. Màá wá sọ fún wọn bí mo ṣe jẹ́, pé mo lè sáré, pé mi ò bẹ̀rù ejò tó bá jìnnà díẹ̀, pé Wáyà máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò dáhùn, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kì í dáhùn. Ibi tí mo bá ń lọ ni mo ń gbé e dání, kí ọ̀rọ̀ tó bá sọ sí mi lọ́kàn má baà bọ́. A jọ dé ilé epo, a jọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gẹ irun mi, a jọ dé ìsọ̀ alápatà, ibẹ̀ ni a sì ti pẹ́ jù torí ìjà bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sán àná ni ìpàdé tó tún kàn. A ti fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé kí àwòrán lè hàn dáadáa. Mádàámù Ẹyẹ wọlé, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì kí mi. Wọ́n ní àgbọ̀nrín náà ti kúrò nínú igbó. Wọ́n ní ó ti sáré lórí títì, eré tí àgbọ̀nrín kankan ò lè sá, ó dúró pẹ́ nísọ̀ alápatà, ó sì ti wà nínú ilé kan láti ìgbà yẹn. Wọ́n ní ohun tí àwọn rò ni pé ẹnì kan ti pa á, tòun toyún. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ń mí kanlẹ̀.

Mo dìde. Inú bí mi dénú eegun. Mo ní ẹni tó bá dán irú ìwà ìkà yẹn wò, èmi fúnra mi màá mú un, màá sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìgbà náà ni Mádàámù tẹ ẹ̀rọ, ìlà pupa kan yọ lára ògiri, wọ́n ní ọ̀nà tí ẹran náà gbà nìyẹn. Mo ń fi ojú tẹ̀lé e. Ó ti etí odò bọ́ sí títì, ó yà sílé epo, ó yà lọ gẹ irun, ó dé ọ̀dọ̀ alápatà, ó dé ibi tí máṣíìnì ti gbé mi ṣubú, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀ bí èmi náà ṣe dúró, ó wọ àdúgbò wa, ó wá sinmi sórí ilé wa, yàrá tèmi gan-an. Wáyà rọra rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó ní ẹ̀ṣọ́ igbó, ẹ káre. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú wò mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mi ò sáré o, kí wọ́n má parọ́ fún ẹ. Mo rọra rìn jáde bí ẹni tó fẹ́ yẹ epo wò, mo sì pa jẹnẹrétọ̀. Inú gbọ̀ngàn ṣú, àga ń wó lu àga, ọmọdé ń ké. Mo gbọ́ ohùn Mádàámù nínú òkùnkùn, wọ́n ní àwọn àti ọlọ́pàá máa wọ ilé yẹn lọ́la.

Ìgbà tí mo délé lálẹ́, Màmá, tí àwọn náà wà ní ìpàdé, ti dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìgbà tí mo lọ bu epo lọ́jọ́sí, Mádàámù sọ ọ́ létí àwọn pé bẹ́líìtì yẹn á já bọ́ fúnra ẹ̀ tí àsìkò ẹ̀ bá tó, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, nítorí náà ẹran náà lè wà láàyè, kí n tètè gbé bẹ́líìtì lọ fún wọn kí n sì bẹ̀ wọ́n. Mo ní Màmá, fóònù wo lẹ rí tó ń já ara ẹ̀ sílẹ̀? Wọ́n ní bẹ́líìtì náà ló fa ìlà pupa yẹn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́. Fóònù tèmi ló fà á. Wáyà ló bá mi tún un ṣe láìpẹ́ yìí, ó ti fi nǹkan sínú ẹ̀, torí pé gbogbo ibi tí ìlà yẹn dé, fóònù mi wà lápò mi. Màmá wò mí títí, wọ́n wọlé, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn.

Láàárọ̀ yìí alápatà ránṣẹ́ pé kí n má dé ìsọ̀ òun mọ́, pé àwọn oníbàárà ti ń gbóòórùn ẹran òun kí wọ́n tó rà á. Mi ò ní tàn ẹ́, àyà mi ń já. Bí mo bá gbé bẹ́líìtì yìí fún wọn láìsí ẹran lábẹ́ ẹ̀, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ní wọ́n ń fi irú ẹ̀ ṣe. Kí wọ́n wá bi ẹ́ pé níbo ni bàbá ẹ wà, kó o tún wolẹ̀.

Nítorí náà mo ti ro ọgbọ́n kan, ó sì dá mi lójú. Mádàámù fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún gbogbo wa pé ohunkóhun tó bá ti kọjá pátákó ẹnu ọ̀nà igbó ààbò yẹn ti bọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dè é, títí kan ọlọ́pàá. Wọn ò sọ pé èèyàn ò sí lára ẹ̀. Inú ibẹ̀ ni mò ń lọ. Wọ́n tún ní ẹran tó bá wọ bẹ́líìtì yẹn, àwọn ń ṣọ́ ọ ju àwọn tó kù lọ, torí náà mo ti dè é mọ́ ọrùn mi, ó fún díẹ̀ ṣùgbọ́n ó yẹ mí. Màá wá àgbọ̀nrín náà títí màá fi rí i. Tí mo bá rí i, màá bẹ̀ ẹ́, màá dá fóònù ẹ̀ padà fún un, a ó jọ rìn wá síwájú gbogbo ìlú, tòun tọmọ ẹ̀ tó bá ti bí i.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ni mo ti ń kọ èyí, dírẹ́bà tó máa gbé lẹ́tà yìí wá bá ẹ ti ń fọn fèrè mọ́ mi lórí. Jọ̀ọ́, lọ sí ọ́fíìsì ńlá wọn níbẹ̀, wọ aṣọ tó dáa, sọ fún wọn pé bàbá ẹ ò pa ẹran, pé ohùn tí wọ́n ń gbọ́ láràárọ̀ yẹn, òun ni, kí wọ́n má fi iṣẹ́ náà fún Wáyà. Tówó bá wà lọ́wọ́ ẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá, kí wọ́n ra bíríkì máṣíìnì mi sílẹ̀, kì í ṣe pé mi ò ní, mò ń lọ sínú igbó ni. Rán káàdì sórí fóònù mi náà.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀nà ilé wa. Mádàámù Ẹyẹ jókòó síwájú, wọ́n tẹjú mọ́ nǹkan kan tó wà lórí itan wọn. Ó ti dé ìkòríta. Ó dúró. Ó ń yí padà bọ̀, bóyá wọ́n gbàgbé nǹkan ni.

Ọlọ́run á bùkún ẹ, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ á gbé ẹ ga, o ò ní ṣìnà, ojú ò ní tì ẹ́ nítorí mi láéláé. Gbà mí gbọ́, kódà tí gbogbo ìlú bá ní kó o má gbà mí gbọ́.

Wọ́n ti dúró ní òdìkejì títì báyìí, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fi ara pamọ́ sí, ojú wọn ò tó mi, ọ̀nà odò sì wà lẹ́yìn mi gbayawu. Kò sí bí Wáyà ṣe máa sọ ibi tí mo wà fún wọn mọ́. Mo ti pa fóònù mi.