Íǹṣì Kan Létí Aṣọ

Ajé, 4 oṣù kẹta
Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sídìí tábìlì ìgéṣọ. Iṣẹ́ ti dín kù. Agéṣọ méjì ti pọ̀ jù. Tó bá di ọjọ́ 15, ẹnì kan máa lọ. Èmi ni ọ̀kan, ọmọ ọdún 51. Ọmọkùnrin tí a ń pè ní Ọwọ́-Yíyára ni èkejì, 26. Mi ò tíì sọ nílé.

Ìṣẹ́gun, 5
Àlejò ti dé. Orúkọ tí mo fún àníyàn nìyẹn — kì í kan ilẹ̀kùn, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Ó bá mi jẹun àárọ̀. Ilé ńkọ́? Ọmọ tó ku ọdún méjì níléèwé ńkọ́? Ta ló ń gba agéṣọ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún?

Ọjọ́rú, 6
Ṣòkòtò àwọn aṣọ́lé la ń gé. Ìdì aṣọ kan máa ń fún wa ní 30. Mo yí bátánì, bébà tí a fi ń wọn aṣọ, síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo mú 32 jáde. Ìdì mẹ́rin: 128. Ọ̀gá ní ọwọ́ àgbà nìyí. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ibi tí mo ti rí i. Íǹṣì kan la máa ń fi sílẹ̀ létí aṣọ kí aránṣọ lè rí i rán pọ̀. Ààbọ̀ ni mo fi sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo gbàdúrà. Kò kọjá àjà.

Àìkú, 10
Ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ Jésù nípa àwọn ẹyẹ — mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ní ẹni tó ń ṣàníyàn ọ̀la ti lọ jókòó sórí àga Ọlọ́run, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kanlẹ̀. Ó bà mí gan-an. Mo ti gé aṣọ bí ọmọ tí kò ní bàbá.
Lójú ọ̀nà, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ mi, Bàbá Àkọ́bí. Kò bínú. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run tó bọ́ wa nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn oṣù mẹ́jọ, ààbọ̀ íǹṣì lo fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ajé, 11
Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá kí ẹrù tó jáde. Ó mú ṣòkòtò kan, ó fà á nídìí. Ó ya. Ọwọ́-Yíyára ní, "Mọ́mì, ẹni tó bá wọ eléyìí ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni o." Àwọn aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 13
Ọjọ́ méjì gbáko. A tú gbogbo 128, a fi ọ̀já aṣọ gbá etí wọn nínú, a tún wọn rán. Ọwọ́-Yíyára bá mi tú u. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ẹtì, 15
Ọwọ́-Yíyára ni Ọ̀gá mú pé kó dúró. Ó ní ká ní mi ò sọ ni, èmi ni òun ì bá mú. Mo ní, "Mo mọ̀, sà." Mo kó àlùmọ́gàjí mi méjèèjì sínú báàgì, mo dì mọ́ Ọwọ́-Yíyára, mo jáde.
Nílé, Bàbá Àkọ́bí béèrè ohun tó kàn. Mo ní mi ò mọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, àyà mi ò já. Mo gbàdúrà, gbólóhùn mẹ́ta péré. Mo dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo sì sùn fọnfọn.