Ìwé Tí Alágbàfọ̀ Fọwọ́ Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù

Mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Lónìí, mẹ́rin.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Èmi ni mo dìde ní ìpàdé àdúgbò, tí mò ń pariwo pé ìtìjú ni, pé ìdajì àwọn tó ń gbé òpópónà yìí ò lè ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní ó dáa, Bàbá, ẹ máa kọ́ wọn. Ogójì ọdún ni mo fi to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé, wọ́n wá rò pé ẹni tó ń tẹ ìwé á mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níwèé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà la ń lò, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, òun náà wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin tó kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ojú ló ń dun òun. Obìnrin tó tẹ̀ lé e ní látìgbà tí mo ti ń pe a, b, d, òun ò tíì rí èyí tó ṣeé jẹ nínú wọn.

Alágbàfọ̀ nìkan ni kò pa ọjọ́ kan jẹ. Opó ni, ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́. Yàrá méjì ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un: ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó ń lọ aṣọ oníbàárà nínú èkejì.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù

Mẹ́ta. Mo bínú, mo ju ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Káfíńtà bá mi ṣà á.

Alága ní èmi ni mo jẹ̀bi. (Ìyàwó mi ni Alága. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í darí nínú ilé yìí.) Ó ní àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ṣé b ni kó gbé lọ sílé? Ó ní kí n fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè fi yangàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bí mi nínú, pàápàá tó bá jẹ́ òótọ́.

Àpótí méjì tí mo kó lẹ́tà òjé tí mo fi ń tẹ̀wé sí ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

Mo to orúkọ mọ́kànlá, mo tẹ̀ wọ́n sórí páálí gbàgàdà-gbàgàdà. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Òkúdù

Ọjọ́ ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà rò pé mo lálàá.

Ìṣe àwa atẹ̀wé ni pé ọ̀rọ̀ tá a bá ń lò lójoojúmọ́, a máa ń fi okùn so gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pọ̀, a kì í tú u mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún wọn ní orúkọ wọn, ní odindi. Kò sí a, kò sí b. Tẹ̀ lé ilà yìí, yí i síbí, fà á wálẹ̀. Títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Alágbàfọ̀ kọ tirẹ̀ nígbà ogún. Nígbà kọkànlélógún, ó bo páálí mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ láìwò ó. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ọkọ òun ò rí òun báyìí.

Èmi náà sunkún díẹ̀. Mo ní ìyẹ̀fun pákó ló kó sí mi lójú.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Mẹ́sàn-án! Àwọn tó sá ti padà, orúkọ ni wọ́n wá gbà. Wọ́n ní Alágbàfọ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ tirẹ̀ sára ilẹ̀kùn, sára garawa, sára tábìlì tó fi ń lọ aṣọ.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ṣá. Mo fi ọwọ́ bo ìdajì orúkọ rẹ̀, mo ní kó ka ìyókù. Kò mọ̀ ọ́n. Mo fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ hàn án lọ́tọ̀, kò mọ ìyẹn náà. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní a máa débẹ̀.

Ẹtì, 14 Òkúdù

Òjò. Orúnkún. Mo sùn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Òkúdù

Mi ò tíì jẹun alẹ́ tí mo fi jókòó kọ èyí.

Alágbàfọ̀ pẹ́ dé. Ó wọlé tayọ̀tayọ̀, ó ní ká bá òun yọ̀, òun ti fọwọ́ sí ìwé lónìí, bírò lòun fi kọ ọ́, òun ò tẹ̀ka. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ìwé kí ni. Ó ní ọkọ òun ló gbé e wá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú ló ń pè bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pè wọ́n. Ó ní ìwé àtúnṣe ilé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yẹn ti gbé e wá tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Alágbàfọ̀ sọ fún un pé ẹni tó ń tẹ̀ka, dandan ni kí akọ̀wé kọ́ọ̀tù kọ́kọ́ ka ìwé náà sí i létí, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Òfin ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà á ká ìwé rẹ̀, á máa lọ.

Lónìí, bírò ló mú wá. Ó ní, "Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ ti di akọ̀wé." Ni Alágbàfọ̀ bá kọ orúkọ rẹ̀. Ó ní lẹ́tà tó kẹ́yìn rẹwà ju ti orí páálí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Òkúdù

Èmi àti Alágbàfọ̀ lọ gba ẹ̀dà ìwé náà. Mo kà á fún un lórí bẹ́ǹṣì níta kọ́ọ̀tù. Ó ti yọ̀ǹda yàrá méjèèjì fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kó jáde kí oṣù tó parí.

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù

Mi ò lọ sí kíláàsì.

Ká ní mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a, ì bá ṣì máa tẹ̀ka rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ká ní mo kọ́ ọ dé òpin, ì bá kà á fúnra rẹ̀. Agbede méjì ni mo gbé e dé, mo sì pàtẹ́wọ́. Nítorí kí yàrá lè kún. Nítorí kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín ní ìpàdé àdúgbò.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní ọ̀nà kan ló kù tí wọ́n fi lè wọ́gi lé ìwé náà: kí adájọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé Alágbàfọ̀ ò lè kàwé. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n fún wa.

Alága ò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ajé, 24 Òkúdù

Mo ṣàlàyé fún Alágbàfọ̀. Tí adájọ́ bá bi í, kó ní òun ò mọ̀wé. Gbólóhùn kan péré. Ó ní ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní gbogbo àgbàlá ni òun ti sọ fún pé òun ti mọ̀wé. Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa, òun gbọ́.

Ọjọ́rú, 26 Òkúdù

Kọ́ọ̀tù. Ooru. Ìdajì àgbàlá rẹ̀ ló wá, wọ́n ní àwọn wá tì í lẹ́yìn. Káfíńtà náà wá, ó wọ bàtà.

Adájọ́ bi í pé ṣé ó mọ̀wé. Obìnrin ni, kò sọ̀rọ̀ líle. Alágbàfọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ará ilé rẹ̀. Ó rí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń fi ojú kéré e.

Ó ní, "Mo mọ̀wé, mà."

Mo dìde. Wọ́n ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì mọ ibi tí mo kọ́ ọ dé; orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè kọ, kò mọ lẹ́tà kan níbẹ̀. Adájọ́ ní ṣé mò ń sọ pé irọ́ ló ń pa? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n gbé ìwé náà fún un pé kó kà á sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó ń fi ojú tọ ilà kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó pe orúkọ ara rẹ̀. Kò rí nǹkan mìíràn pè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ará àgbàlá rẹ̀ ni.

Adájọ́ wọ́gi lé ìwé náà. Ilé di tirẹ̀ padà. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdù

Káfíńtà nìkan. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ó kàn ń gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára àga. Ó ní àwọn yòókù ní àwọn ò wá mọ́. Wọ́n ní téèyàn bá mọ̀ ọ́n díẹ̀, wọ́n á gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, Tíṣà á dójú tì í ní kọ́ọ̀tù. Ó ní òun náà ń fẹ́ fi yàrá yẹn kó pákó sí, tí mi ò bá bínú.

Mi ò bínú. Mo bá a gbé àga jáde.

Ọjọ́ Ajé, 1 Agẹmọ

Mo lọ bá Alágbàfọ̀ nílé. Kí n bẹ̀ ẹ́ ni, kí n sì sọ pé òun nìkan ni màá kọ́, nínú yàrá tirẹ̀, láti a títí dópin, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó ń lọ aṣọ. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè ìyàwó mi. Ó fún mi ní àga. Mo sọ gbogbo ohun tí mo wá sọ.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ilé mi ti padà sọ́wọ́ mi, Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń tẹ̀ka, kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín."

Ó ṣẹ́ ẹ̀wù náà po, ó mú òmíràn. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi lọ mẹ́rin tán.